Béèsì Tí Kò Mọ Òpin Orin

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ Awakọ̀ Ojú Irin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, ara le, a ò sì ráhùn. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun, nítorí ó ní tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orin, n kò ní rántí òun mọ́. Mo ti bá a kí ọ báyìí o.

Lẹ́tà rẹ bá mi lórí àkàbà. Mò ń kun ògiri ilé ẹ̀kọ́ kan ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ọ̀dà wà lọ́wọ́ kan, lẹ́tà wà lọ́wọ́ kejì, mo sì kà á tán kí n tó sọ̀ kalẹ̀. O ní láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, Màmá ò kọ ohun mìíràn sí ọ ju "gbogbo wa wà ní àlàáfíà" lọ. O ní kí n lọ wo Bàbá fún ọ, kí n má fi ohunkóhun bò, kí o lè mọ̀ bóyá kí o gba ìsinmi wá sílé nísinsìnyí tàbí kí o dúró di ìparí ọdún. Òótọ́ korò, o ní, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lo ṣe fẹ́ ẹ. Ó dáa, màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ọ̀nà tèmi kì í gún. Jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ béèsì kọjá.

O ò lè gbàgbé àléébù mi. Bí mo bá ti ń ta ohùn kan náà yí po yí po lórí gìtá béèsì, ojú mi á là sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi á ti lọ. Màá rí ògiri kan tó gùn tí kò lópin, tí mò ń kùn lọ, ọ̀dà á máa tutù lọ́wọ́ mi, kò ní sí ariwo, kò ní sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí n ó fi padà dé, orin ti tán, gbogbo ẹgbẹ́ ti dúró, èmi nìkan ni mo ṣì ń lọ. Ṣebí nígbà tí ìwọ àti èmi ń kọ́ gìtá ní yàrá ẹ̀yìn ilé yín, Màmá ló máa ń pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ bá mi sọ fún Alálàá pé orin ti tán o!" Orúkọ náà ló mọ́ mi lára títí dòní.

Ní oṣù tó kọjá, a lọ ṣeré níbi ìgbéyàwó kan. Àlùfáà ti dìde, ó ti ń gbàdúrà, béèsì mi ṣì ń lọ lábẹ́ àdúrà náà. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé a ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò rò bẹ́ẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ wa ni, òun ló ń tẹ dùùrù; oṣù mẹ́fà péré ló fi jù mí lọ, àmọ́ tí o bá rí bó ṣe ń fa ojú ro, wàá ní òun ló bí mi. Ó ní, "Ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ní òpin, àfi béèsì tìẹ. Ẹ̀ẹ̀kan sí i péré. Tó o bá tún kọjá òpin orin, ọwọ́ òsì mi á gba iṣẹ́ ẹ."

Kì í ṣe àwàdà. Ohùn ìsàlẹ̀ wà lápá òsì dùùrù, ọwọ́ òsì Ọ̀gá sì mọ̀ ọ́n tẹ̀, kì í sì í lálàá. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo lè kun ògiri títí ọjọ́ alẹ́ mi, n kò kọ̀, ṣùgbọ́n béèsì ni ibi tí mo ti máa ń mí.

Eré tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ni àpèjẹ ọ̀sán ti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ẹgbẹ́ Bàbá gan-an, ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀. A múra sílẹ̀ fún un bí ẹni ń lọ ìdánwò. Ilé iṣẹ́ Káfíńtà, onílù wa, la ti ń ṣe ìdánrawò ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí kò tíì ní ilẹ̀kùn dúró yí wa ká, bí mo bá ta ohùn tó wálẹ̀ jù, wọ́n á máa kùn pẹ̀lú mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti wọ inú áńpù mi, àpótí dúdú tó ń gbé ohùn béèsì jáde, débi pé bí mo bá tàn án, òórùn igi tuntun ló kọ́kọ́ ń jáde kí ohùn tó tẹ̀lé e. Mo fẹ́ràn òórùn náà. Ọ̀gá ní yóò gbiná lọ́jọ́ kan.

Òógùn àti lẹ́búlẹ́bú yìí náà ló pa okùn béèsì mi lóhùn. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì sè wọ́n, nítorí omi gbígbóná máa ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára wọn, ohùn wọn á sì jí. Ìyàwó mi wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò, ó rí okùn tó ń hó kùtùkùtù. Ó dé e padà, ó jókòó, ó ní, "Ọkọ mi, kí la máa fi jẹ ẹ́?" Láti ọjọ́ náà, ó ti fi ìkòkò yẹn ta mí lọ́rẹ pátápátá.

Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń dúró. Ní ilé, n kì í tan áńpù. Orí béèsì ni mo máa ń fi ti ara kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀, pákó á sì gbé ohùn náà bíi pé ẹnì kan wà nínú aṣọ tó ń kọrin sínú. Ó ní aṣọ òun ti mọ gbogbo orin wa. Á máa ká aṣọ lọ, èmi á máa ta lọ, tó bá ṣàdédé ní "Ó tán!" mo gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn lójú ẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń pe "Ó tán" títí á fi sú u. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ń gbọ́.

Mo lọ sílé yín ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bàbá jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀rín wọn ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ló kàn ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ wọn ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣìnà nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo ṣì ń sùn lójú orin. Ọ̀pá wọn wà ní igun yàrá, eruku wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ àga, bàtà dúdú wọn ń dán gbinrin. Màmá ló ń kùn ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà náà kò tíì jáde láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Bàbá dé láti ilé ìwòsàn.

Nígbà tí Màmá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bẹ Bàbá títí, Bàbá sì ti gbà láti wá sí àpèjẹ náà, láti jó, ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn sí i: "Orin kan ṣoṣo. Tó bá ti tán, mo jókòó, kẹ́nikẹ́ni má sì bẹ̀ mí mọ́ láéláé." O mọ bàbá rẹ. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wa ọkọ̀ ojú irin, kò ṣí ṣáájú àsìkò, kò sì ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Àdéhùn kì í yẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi: ilẹ̀ pákó, fèrèsé gíga, àga tí wọ́n tò yí ògiri ká. Oòrùn ọ̀sán gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Bí ọkọ̀ bá kọjá lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ náà á gbọ̀n jẹ́jẹ́, okùn béèsì tó nípọn jù á sì dún fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Bàbá dé nínú mọ́tò aládùúgbò yín. Wọ́n jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, fìlà wọn wà lórí itan, wọn ò sì mira. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń jó, Bàbá ń wò wọ́n.

Orin tó lọ́ra jù nínú orin wa la fi ń parí apá àkọ́kọ́. "Rọra" la pe orúkọ rẹ̀. Ohùn mẹ́ta péré ni béèsì ní níbẹ̀: ọ̀kan rì sílẹ̀, ọ̀kan gòkè díẹ̀, ọ̀kan padà sílé. Orin náà gan-an ló máa ń gbé mi lọ jù. Mo fi eyín di ètè mú. Mo ń wo ọwọ́ Ọ̀gá, mo ń wo igi ìlù Káfíńtà, n kò wo ibòmíràn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì, olórin wa, kọ ìlà ìkẹyìn tán, tí Ọ̀gá sì gbé orí sókè, mo da àtẹ́lẹwọ́ bo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo wa dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi! Inú mi dùn débi pé mo gbójú sókè láti wo àwọn èèyàn.

Ìgbà yẹn ni mo rí wọn. Bàbá àti Màmá wà láàárín gbọ̀ngàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin ni wọ́n ti dìde, èmi ni n kò wo apá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì Bàbá ń wọ́ nílẹ̀, ìrìn láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn dé àárín ilé sì ti jẹ gbogbo orin náà tán. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé èjìká wọn ni. Wọn ò tíì jó rárá, orin ti tán.

Bàbá ti ń wo àga wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Màmá ò wo Ọ̀gá, wọn ò wo Nọ́ọ̀sì tó di máíkù mú. Èmi ni wọ́n ń wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì gbọ́ ohun tí ojú wọn sọ kedere: gbogbo ọdún tí mo fi pariwo pé orin ti tán, o ò gbọ́, ṣé òní ló wá yé ọ?

Mo mọ̀ pé béèsì lè bọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. N kò sùn, n kò lálàá, ojú mi là kedere. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò lórí okùn, mo ta ohùn tó ń rì sílẹ̀. Mo ta èkejì. Mo ta ẹ̀kẹta.

Ọ̀gá yíjú sí mi bíi pé mo ti ya wèrè. "Ó ti tán!" ló wí láàárín eyín. Mo fi àgbọ̀n tọ́ka sí àárín ilé. Ó wò ó, ó rí wọn. Káfíńtà ti ju igi ìlù sílẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ kékeré tó fi ń lu ìlù jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ojú ìlù bí ẹni ń gbá lẹ́búlẹ́bú kúrò. Nọ́ọ̀sì kò wá ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń kùn sínú máíkù. Ọ̀gá ló kẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbé lé dùùrù. Mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí itan, kò mira.

Ṣé ká pè é ní ijó? Ẹsẹ̀ ọ̀tún á gbé, á padà. Ẹsẹ̀ òsì á ronú ná, á wá tẹ̀lé e. Màmá fi orí ti àyà Bàbá. Oòrùn wà lára bàtà dúdú náà bí wọ́n ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ kan kọjá lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ gbọ̀n, wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń kun ògiri tí kò lópin yẹn lójú àlá, n kò rí èèyàn kankan nínú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, èèyàn wà níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì lè nù ún, ọwọ́ mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá na ọrùn sí etí mi. "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ìwọ ni kó o parí ẹ." Èmi! Èmi tí n kò parí orin rí láyé mi! Mo wo Màmá. Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, Màmá fi orí ṣe àmì sí mi. Mo dẹ ọwọ́. Mo jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì, bí Bàbá ṣe máa ń mú ọkọ̀ wọ ibùdó tí omi inú ife èrò kì í fi í dà. Ohùn tó padà sílé ni mo fi pa á dé.

Màmá ní, "Ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó, ẹ kú iṣẹ́." Bàbá ò kúrò. Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú? Ọmọ yẹn ò ṣeé gbára lé. Jẹ́ ká dúró wò ó ná." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sì dúró lóòótọ́, láàárín ilé, ọwọ́ kan lórí èjìká Màmá, wọ́n ń retí mi.

Bí a ṣe ń ká wáyà, Ọ̀gá ní ọwọ́ òsì òun ń dun òun, òun sì rò pé yóò sinmi fún ìgbà pípẹ́. Mo kí ọwọ́ òsì náà kú ìnira.

Òótọ́ tí o béèrè nìyí. Ẹsẹ̀ òsì Bàbá ò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì eré náà, ó rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n sùn di ọ̀sán. Má dúró di ìparí ọdún. Gba ìsinmi náà, kí o gbé gìtá rẹ dání. Ohun tó kù dùn púpọ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ ẹnu mi ni wàá ti máa gbọ́ ọ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi gbé àwọn ìbejì jó. Ọ̀gá, Káfíńtà àti Nọ́ọ̀sì ní kí n kí ọ. Màmá náà kí ọ. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ sọ ìyókù. Bàbá mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ní n ó sọ fún ọ bí wọ́n ṣe jó dáadáa tó. Wọ́n gbé ọwọ́ tó dáa sókè, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, "Má purọ́ fún ọmọ mi. Má sọ pé mo jó dáadáa. Sọ fún un pé mo jó."

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ti parí orin kan rí,
                                        Alálàá.