Òróró Ewé Tí Mo Sè fún Ẹ̀fọn

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó gbogbo wọn. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn ìyàwó ilé wa. Àlàáfíà ni èmi àti Áíṣátù ọmọ mi wà báyìí. Mo ní “báyìí” nítorí pé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bá yín ka lẹ́tà yìí, kó kà á sókè fún gbogbo ìyá ọmọ tó bá wà nítòsí.

Iṣẹ́ aránṣọ mi ń lọ, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́hun. Bàbá Áíṣátù ṣì ń mọlé ní Ìjẹ̀gùn. Ọ̀nà ibẹ̀ burú débi pé ibi iṣẹ́ ló ń sùn, ọjọ́ Sátidé la máa ń rí i. Ilé máa ń dá jù láàárín ọ̀sẹ̀. Òjò ti wá bẹ̀rẹ̀ ní Ìgandó, gọ́tà iwájú ilé wa kò sì ṣàn mọ́. Kó tó di àkókò ìrun Màgíríbì, ẹ̀fọn ti gba yàrá.

Kọ́ìlì tó ń lé ẹ̀fọn ni mo máa ń tàn tẹ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ mú kí ọmọ máa wúkọ́, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa sì ní kí n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo pè yín, tí ẹ ní kí n wá ewé ẹfínrín àti ewé tíì, pé ohun tí ìyá tiyín fi ń ra yín lára ní kékeré nìyẹn.

Mo rí méjèèjì rà l'Íkòtún. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sí ibòji títí wọ́n fi gbẹ, torí omi díẹ̀ nínú òróró ló máa ń bà á jẹ́. Mo gé wọn wẹ́wẹ́ sínú abọ́, mo da àdín àgbọn lé wọn lórí, mo gbé abọ́ náà sínú ìkòkò omi gbígbóná lórí iná tí kò le. Mi ò jẹ́ kó hó. Nígbà tí òórùn ewé gba ilé kan, mo sọ̀ ọ́, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú ìgò gbígbẹ. Mo kọ́kọ́ fi díẹ̀ sápá ara mi, mo dúró dọjọ́ kejì. Kò yún mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra Áíṣátù lápá àti lẹ́sẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò jẹ́ kó kan ojú rẹ̀, mi ò sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kó má lọ fi nujú.

Ìyá, ó ṣiṣẹ́. Òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ lára ṣá, èèyàn á tún un rà. Àmọ́ ojú ibi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ ọmọ dín kù, ikọ́ náà sì lọ. Àwọn ará ilé ní kí n bù fún àwọn. Inú dídùn yẹn ló tàn mí jẹ. Ooru mú, iná ò sí, Áíṣátù ń ráhùn pé àwọ̀n ẹ̀fọn ò jẹ́ kóun mí dáadáa. Mo tú àwọ̀n, mo ká a sínú àpótí. Mo ní òróró ti tó.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ara ọmọ gbóná. Mo ní eré inú oòrùn ló fà á. Lọ́jọ́ kejì, kò jẹun, ó ń gbọ̀n. Ìyá Tósìn, àgbà obìnrin ará Èkìtì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, bi mí bóyá mo ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo fèsì pé kò lè jẹ́ ibà, pé ẹ̀fọn kì í jẹ ọmọ mi mọ́.

Ó ní, “Ṣé ìwọ kì í sùn ni, tó o fi mọ ohun tó ń jẹ ẹ́? Gbé ọmọ, jẹ́ ká lọ, jàre.”

Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí tèmi. Wọ́n gún ọmọ níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ibà ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, mo ní láti àná ni. Mo sọ̀rọ̀ òróró mi, kò bú mi. Ó ní ó dára fún ìrọ̀lẹ́ téèyàn bá jókòó síta, àmọ́ abẹ́ àwọ̀n ni ọmọ gbọ́dọ̀ sùn, àti pé lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá ti gbóná ni kí wọ́n gbé e wá. Áíṣátù lo oògùn náà tán pátá. Nígbà tó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀wà, mo bú sẹ́kún. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ àti ọkọ Ìyá Tósìn kó ìdọ̀tí gọ́tà, omi sì ṣàn.

Ẹ pè mí lánàá pé ẹ ti sè òróró náà fún Sìdí àbúrò mi, kó fi ra ọmọ jòjòló rẹ̀, kó sì tú àwọ̀n nítorí ooru. Ojú tì mí láti sọ fún yín lórí fóònù pé ibà ti mú Áíṣátù. Mo pe Sìdí fúnra rẹ̀ pé kó so àwọ̀n padà. Ó ní òun ò lè kọ ọ̀rọ̀ yín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì fi rán awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ kó gbọ́. Ara ọmọ tuntun kò gba òróró yẹn, àwọ̀n ni kí ẹ so fún un lónìí. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ tún gbọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ lẹ́nu mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní ọmọ yín tó wà l'Ékòó ló ṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọlọ́hun yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bá mi fẹnu ko ọmọ Sìdí lórí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà