Káàdì Tí Wọ́n Kọ Sí Orúkọ Dákẹ́jẹ́ẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

A borí. Góòlù kan sí òdo. Ohùn mi ti há pátápátá.

Ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí eré parí ni ọ̀kan nínú àwọn alátakò fi ìgbọ̀nwọ́ gbá Òpó nímú. Òpó ni balógun ikọ̀ wa, òun ló ń dúró níwájú aṣọ́lé. Ẹ̀jẹ̀ bo jésì rẹ̀. Rẹfirí ní kó lọ pààrọ̀ rẹ̀, òfin ò gba ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Bàbá Aláṣọ, tó ń tọ́jú àwọn jésì wa, tú àpò títí, kò rí nọ́ńbà márùn-ún kejì. Ó ti fi sílẹ̀ sórí okùn tó sá a sí. Mo bá bọ́ ti Dákẹ́jẹ́ẹ́, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo jù ú sí Òpó. Ó padà wọlé. A di góòlù kan náà mú títí eré fi parí. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Mo sùn bí òkú. Ìyàwó mi — Adájọ́, torí kò sí ohun tí kì í dá lẹ́jọ́ — ní mo ń pariwo "ẹ padà sẹ́yìn!" lójú oorun.

Ọjọ́ Ajé, 6

Alákòókò pè mí sí ọ́fíìsì. Òun ni olórí ẹ̀ka eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àdéhùn iṣẹ́ mi ń parí lóṣù Kejìlá. Bí a bá borí ní Sátidé tí a bá bọ́ sínú àwọn mẹ́jọ tó kù, ọdún mẹ́rin mìíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí. Mo bá pápá yẹn ní ẹrẹ̀ lásán. "Ẹ kú iṣẹ́" náà ni!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ìwé rẹfirí dé láti ọ̀dọ̀ àjọ líìgì. Mo ń kà á pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, àfi bí mo ṣe rí i: yẹ́lò káàdì kan, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Dákẹ́jẹ́ẹ́! Ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ kan pápá láti ìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

Òpó ló gba káàdì yẹn. Òpó nínú jésì Dákẹ́jẹ́ẹ́. Ó fa ẹnì kan láṣọ, ojú mi ló ṣe. Káàdì kẹta rẹ̀ nìyẹn — ẹni tó bá sì ti gba mẹ́ta, kò gbọdọ̀ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn. Èmi kóòṣì àgbà ló yẹ kí n sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń kọ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pé nọ́ńbà ti yí padà. Mo ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ. Mo gbàgbé.

Àyè wà nísàlẹ̀ ìwé náà: kóòṣì tó bá ní àtúnṣe kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó tó di aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́rú, 8

Mi ò tíì kọ nǹkan kan. Ọ̀la ṣì wà.

Ọjọ́bọ̀, 9

Àwọn ọmọ ti gbọ́ nípa káàdì náà. Wọ́n fi Dákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo àkókò ìdánrawò. Kí lo sọ fún rẹfirí? Ṣé o bú ìyá rẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wò mí. Òpó tẹrí ba, ó ń so okùn bàtà kan ṣoṣo fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fọn fèrè, mo ní kí wọ́n máa sáré.

Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fọwọ́ sí ìwé náà. Àyè àtúnṣe ṣófo.

Mo ń sọ fún ara mi pé rẹfirí ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi. Irọ́ ni. Ọwọ́ tó bọ́ jésì yẹn ló ń kọ ìwé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo bu iyọ̀ sínú tíì. Adájọ́ ní kí n jókòó, kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló tún mọ̀. Mo ní Òpó, Dákẹ́jẹ́ẹ́, Bàbá Aláṣọ, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì.

Ó ní, "Èèyàn mẹ́wàá mọ̀, Dádì, ẹ sì ń pè é ní àṣírí?"

Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tí Adájọ́ bá ti dákẹ́, ẹjọ́ náà ti le nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

A borí. Góòlù méjì sí ọ̀kan. Òpó ló fi orí kan ìkejì, ó ku ìṣẹ́jú méje. Gbogbo èèyàn fò sókè. Alákòókò dì mọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ọdún mẹ́rin. Mo fọwọ́ sí i kíákíá, kí n má baà ráyè ronú.

Ọjọ́rú, 15

Dákẹ́jẹ́ẹ́ wá sí ọ́fíìsì mi. Láti ọdún méjì tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ rí káàdì náà nínú àkọsílẹ̀ líìgì. Wọ́n bi í ohun tó ṣe. Ó ní òun bú rẹfirí. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo rò pé ó fẹ́ ní kí n lọ jẹ́wọ́ ni. Rárá o. Ohun tó ń bẹ̀ mí ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pè wọ́n, kí ẹ ní ẹ ti dárí jì mí."

Mo pè wọ́n. Mo ní ọmọ dáadáa ni, inú ló bí i, mo ti dárí jì í. Bàbá náà dúpẹ́, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀kọ́ ilé tí òun ò fún un tó. Lọ́wọ́ èmi! Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ náà nígbà tó ń jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Òpó ò wá sí ìdánrawò. Ọ̀sán ni mo gbọ́ ibi tó lọ. Ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì àjọ líìgì, ó kọ ìwé fún wọn. Ó ní òun lòun gba káàdì. Ó ní òun àti Dákẹ́jẹ́ẹ́ ló dá pààrọ̀ jésì, pé Kóòṣì ń wo pápá, Kóòṣì ò mọ nǹkan kan.

Alákòókò sáré wá bá mi. Ó ní ìborí yẹn ti lọ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, àwọn ọmọ méjèèjì á fi ọdún kan jókòó sílé láìgbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ò ní bàjẹ́. "Bí àjọ líìgì bá pè wá ní Ọjọ́ Ajé, ẹ ṣáà ti sọ pé ẹ ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ó wo aago.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Adájọ́ ò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó kàn lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Ọjọ́ Ajé, 20

Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní àjọ líìgì jẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn tábìlì gígùn kan. Obìnrin tó jókòó láàárín ka ìwé Òpó sókè, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní èmi ni mo bọ́ jésì náà, èmi ni mo gbàgbé láti sọ, èmi ni mo ka ìwé rẹfirí ní Ìṣẹ́gun tí mo sì fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, mo mọ̀ dájú. Alákòókò ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Wọ́n gba ìborí lọ́wọ́ wa. Òpó á fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì sílẹ̀. Wọ́n pa orúkọ Dákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ́ kúrò lára káàdì náà. Èmi, kí n tó dé ilé, lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì ti dé ṣáájú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Mo ń kó ẹrù nínú ọ́fíìsì nígbà tí Òpó wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bínú sí mi bí ọmọ ṣe máa ń bínú sí bàbá rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mo fi sọ ọ́, pé òun ti tún un ṣe, òun ti ṣètò gbogbo rẹ̀. "Kí ni mo wá parọ́ fún nígbà náà, sà?"

Mo sọ fún un pé kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ irọ́ yẹn, pé lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ, láàárín ọjọ́ méjì tí mo fi ìwé náà sílẹ̀ tí gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní kó máa bínú, mo jẹ̀bi. Ó gbé àpótí tó wúwo jù, ó bá mi rù ú dé ẹnu ọ̀nà.