Ẹni Tó Dáhùn Orúkọ Solène

Les Fontanilles,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi Mireille,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara yín le, ṣé orúnkún kò yọ yín lẹ́nu jù? Ara tèmi le. Ọkàn ni kò le. Láti ìgbà tí ẹ ti padà sílé lẹ́yìn ìsìnkú Solène, n kò rí ẹni bá sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ìsinmi ti parí. Gbogbo abúlé ti ti etí òkun dé, wọ́n ń ra ìwé àti báàgì fún ọmọ. Àwa nìkan la lọ ní mẹ́rin tí omi dá mẹ́ta padà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé ni alága ìlú wa wá bá mi ní kíṣìnì, Vernhes tí kì í rántí kí ènìyàn àfi tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọmọ méjìdínlógún ni ìjọba ń bèèrè kí kíláàsì wa tó lè wà, àárọ̀ ọjọ́ ìwọlé gan-an sì ni wọ́n ń wá kà wọ́n. Láìsí Solène, ó di mẹ́tàdínlógún. Ó ní, "Odile, má tíì lọ yọ orúkọ ọmọ yẹn. Jẹ́ kí wọ́n kà á tán ná. Bí wọ́n bá ti ilé ìwé yìí pa, abúlé kú nìyẹn." Mo ní, "Ọmọ mi ló kú, Vernhes." Ó wolẹ̀. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ro ti Théo àbúrò rẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò máa jí láago márùn-ún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Mo dákẹ́. Ó bá kà á sí pé mo ti gbà.

Lọ́jọ́ ìwọlé, mo dúró sí ẹnu géètì. Àwọn ìyá ń kí ara wọn: "Ìsinmi ńkọ́?" "Ó ti tán, kí la ó ṣe?" Wọ́n rí mi, wọ́n panu mọ́. Obìnrin tí ìjọba rán wá to àwọn ọmọ sí ìlà, ó ń pe orúkọ. Ó pe Solène Cazals. Ọmọbìnrin kan tí n kò rí rí dáhùn pé, "Mo wà, màdáámú." Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọmọ-ọmọ Vernhes ni, tí kò tíì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígboro. Olùkọ́ wọn ń wolẹ̀. Bí mo bá lanu, kíláàsì ti lọ. N kò lanu.

Kíláàsì wà síbẹ̀. Oníbúrẹ́dì bun mi ní búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi débi pé mo dà á fún adìẹ. Régis ọkọ mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ. Kí Ọlọ́run pa àwọn tiyín mọ́, kí òtútù tó ń bọ̀ sì fojú fo ilé yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kò ní ẹlòmíràn,
Odile

Àfikún: Lẹ́tà ìjọba dé lónìí. Wọ́n ní Solène kò wá sílé ìwé láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìyá rẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò padà. Vernhes ní kí n kọ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo ti mú bírò dání láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo ni kí n kọ?