Ohùn Màmá Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Láptọ́ọ̀pù

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn o, torí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ka pèèjì yìí. Ohun tí mo ṣe ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Màmá wa ti kú. Ara Èkìtì ni wá, ṣùgbọ́n Agége níbí la dàgbà sí. Nígbà ayé Màmá, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ kí Bàbá wa, wọ́n á ki oríkì wọn títí Bàbá á fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àìsàn Màmá le, ẹ̀gbọ́n mi gba ohùn wọn sílẹ̀, ó kó o sínú láptọ́ọ̀pù ilé, kó tó di pé fóònù ẹ̀ bàjẹ́. Bàbá ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ wọ́n ti mọ bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀… wọ́n á tan láptọ́ọ̀pù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè jẹun. Ohun tí wọ́n fi ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Èmi ni mo wá gbọ́n jù… Láptọ́ọ̀pù ilé yìí náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Níbi iṣẹ́ mi ní Ìlúpéjú, wọ́n ní ètò tí a fi ń ka ọjà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi lórí Windows tuntun. Mo ní mi ò ní pa Windows àtijọ́ tí Bàbá mọ̀ rẹ́, màá kàn fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni, kí méjèèjì jọ wà nínú láptọ́ọ̀pù kan, tí èèyàn bá tan án, á bi í pé èwo ló fẹ́. Mo wo fídíò. Ọkùnrin inú fídíò ní ká kọ́kọ́ kó fáìlì wa sí ibòmíràn. Mo ní kí ni mo fẹ́ kó, ṣé mo fẹ́ fọwọ́ kan ti Bàbá ni? Nígbà tí kọ̀ǹpútà ní kí n yan àyè tí màá fi Windows tuntun sí, nọ́ńbà lásán ni mo rí, kò sí orúkọ. Mo rí ọ̀kan tí mo rò pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, mo tẹ delete, mo tẹ format… ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kó ohùn Màmá sí. Mo tiẹ̀ ń yọ̀ nígbà tí méjèèjì jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo ṣí ti Bàbá pé kí n dán an wò, mo tẹ bọ́tìnnì wọn, mi ò gbọ́ ohùn Màmá mọ́.

Mo gbé e lọ bá ẹnjiníà ní Computer Village, mo sunkún níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbìyànjú o, àmọ́ Windows tuntun ti jókòó lé ibẹ̀, kò rí nǹkan yọ. Mo parọ́ fún Bàbá pé wọ́n ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Wọn ò yọ mí lẹ́nu… wọn ò kàn jẹun mọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ohùn èmi àti Màmá jọra, lórí fóònù kò sẹ́ni tó lè mọ̀ wá yàtọ̀. Mo wọ stóò tí a ń kó páálí sí níbi iṣẹ́, mo ti ìlẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo fi fóònù gba ohùn ara mi. Gbogbo bí Màmá ṣe ń kì wọ́n ni mo ṣe kì wọ́n. Ẹnu mi yìí ni mo fi pe bàbá tó bí mi lọ́mọ ní olówó orí mi… Ṣé ọmọ ń sọ irú ẹ̀ fún bàbá ẹ̀? Mo kó o sínú láptọ́ọ̀pù. Bàbá tẹ bọ́tìnnì wọn, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n gbé ògì wá. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wà ní kíṣìnnì tí wọ́n á máa dá mi lóhùn ní pálọ̀, pé, “Ìyàwó mi, o ṣeun.”

Àná ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, “Ìyá yín ò wúkọ́ mọ́. Ọkàn mi balẹ̀.”

Ẹ gbọ́ o, nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbà, Màmá wúkọ́ láàárín, ikọ́ tó pa wọ́n gan-an ni, èmi ti gbàgbé pátápátá. Mi ò mọ̀ bóyá Bàbá ti mọ̀ pé èmi ni, tí wọ́n kàn ń bo àṣírí mi, àbí wọ́n gbà lóòótọ́ pé ara Màmá ti yá níbi tí wọ́n wà. Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé mi ò ní pa Màmá lẹ́ẹ̀kejì mọ́ wọn lójú? Tí mo bá sì dákẹ́, títí dìgbà wo ni màá máa jẹ́ ìyàwó fún bàbá mi láràárọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí, kí ni kí n ṣe?