Igi Tó Ní Aṣọ Pupa Létí Odò

                                        Ilé Kẹrìnlá, Ọ̀nà Etídò,
                                        Pell's Ferry, Arkansas.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2018.

Maxine, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ti ń gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ní Tulsa ńkọ́, ṣé ikọ́ èyí àbíkẹ́yìn ti lọ? Dwight ọkọ mi ní kí n kí ọ; orí àga rẹ̀ náà ló wà. Royce ọmọ wa ọkùnrin ń pè wá láti Texas lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, àmọ́ n kì í tíì béèrè ọ̀rọ̀ kejì tí ọmọ náà á fi ní iṣẹ́ ń dúró de òun.

Ohun tó mú kí n tètè kọ lẹ́tà yìí ni ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ọ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ìwọ tí o jẹ́ ìyá ìsàmì Carleen ọmọbìnrin mi pè é, kí o bá a sọ̀rọ̀, kó fi odò sílẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà eyín. Jọ̀wọ́, ka èyí tán kí o tó pè é.

Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tó ti ń mú àwọn àlejò lọ pẹja. O ṣáà mọ odò wa. Omi tó ń jáde lábẹ́ dáàmù tó ń pèsè iná mànàmáná tutù bíi yìnyín, ìyẹn làwọn ẹja tíráòtù ṣe fẹ́ràn ibẹ̀. O sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ tú omi sílẹ̀, fèrè tí wọ́n ń fọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa nísàlẹ̀. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, n kò sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá ń fọ abọ́ nílé ìdáná ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, omi ẹ̀rọ lásán máa ń já mi láyà.

Ní Sátidé, mo wọ ṣòkòtò rọ́bà bàbá mi tó dé àyà, mo gbé ọ̀pá ìpẹja, mo sì sọ fún Dwight pé mo ń lọ pẹja. Irọ́ ni. Carleen ni mo fẹ́ lọ wò. Àwọn igi etí odò ti tanná funfun, omi sì mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta inú rẹ̀. Mo rí Carleen àti tọkọtaya àgbà kan láti Memphis nísàlẹ̀, níbi tí odò Lick ti ń wọnú odò ńlá. Ibẹ̀ ni omi tútù ti ń pàdé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́: ju ìwọ̀ sápá òkè odò, wàá rí tíráòtù, jù ú sísàlẹ̀, wàá rí ẹja báàsì. Mo ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ bèbè omi, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, kí n lè tètè mọ̀ bí omi bá ń gòkè. Mo wá rìn lọ sáàárín odò, mo dúró lórí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́.

Maxine, fún odidi wákàtí kan, n kò wo igi yẹn lẹ́ẹ̀kan. Carleen ni mo ń wò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àyà mi á já. Bó bá fẹ̀yìn rìn, n ó máa sọ lábẹ́ ètè pé, “Rọra, rọra.” Ẹja kan tiẹ̀ jẹ ìjẹ ẹnu ìwọ̀ mi tán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀: “Mọ́mì! Igi yín dà?”

Mo yíjú. Igi ti lọ, omi ti bò ó. Òtútù òjijì alẹ́ Jímọ̀ ló fà á, gbogbo ilé ló tan ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, ni wọ́n bá tú omi sílẹ̀ fún iná. Omi tó wà lórúnkún mi ti dé itan, kòtò tó wà láàárín èmi àti bèbè sì ti ṣókùnkùn.

Carleen kò sáré. Ó kọ́kọ́ kó àwọn àlejò rẹ̀ gòkè, ó ní kí wọ́n jókòó, ó wá mú ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀, ó gba apá òkè odò wá bá mi.

“Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè o. Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ di bẹ́líìtì mi mú.”

“Carleen, mi ò lè ṣe é.”

“Ẹ lè ṣe é. Ta ló kọ́ mi? Èjìká mi ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo omi.”

Omi dé ìbàdí wa. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ nígbà kan, Carleen dúró gbọn-in títí mo fi rí ilẹ̀ tẹ̀. Ìgbà tá a gòkè tán ló tó wojú mi.

“Mọ́mì, ẹja lẹ wá pa, àbí èmi lẹ wá ṣọ́?”

“Ẹja ni.”

“Pẹ̀lú ìwọ̀ tí ò ní ìjẹ?”

Bàbá ará Memphis yẹn bú sẹ́rìn-ín: “Màmá, báàsì mẹ́ta la fà jáde láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tóbi jù!”

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ìgbà tí mo ń bọ́ bàtà ni mo rí àwọn igi tirẹ̀. Méjì ló ri mọ́lẹ̀, ọ̀kan ní bèbè omi, ìkejì lókè díẹ̀, kó lè mọ bí omi ṣe ń yára tó. Mo sì dá aṣọ pupa tó so mọ́ wọn mọ̀: ara ẹ̀wù ìpẹja bàbá mi ló ti gé e. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú ẹ̀wù náà. Gbogbo ohun tí mo sọ fún un nípa odò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tó ń sọ òkúta sómi tí mo rò pé kò gbọ́, ó gbọ́ ọ. Èmi tí mo sọ ọ́ ni mo gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ọmọ tí mò ń ṣọ́ kó má bàa rì ló wá fà mí jáde.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má pè é lórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Bí o bá sì ti pè é, sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ. Kó bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á mú mi lọ sẹ́nu odò Lick. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ri igi mi, èmi á kọjú sí igi, n ó kọ̀yìn sí òun. Mo ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Bá mi kí Harold àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n ó fi ìyẹ̀fun àgbàdo din tíráòtù fún yín.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí bàtà odò rẹ̀ ṣì ń gbẹ lẹ́yìn ilé,

Verna.