Mo Rí Mọ́tò Rẹ ní Ṣọ́ọ̀bù Mukhtar

Rahmah, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ìlú Èkó tó gbà ọ́ lálejò. Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ lókè kò ní gbàgbé rẹ nílẹ̀. Ara ìyá rẹ le, àfi orúnkún tó máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Gàrí tó kan tí o fẹ́ràn ló wà nínú àpò tí mo fi rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Bí ó bá ń rùn bí ọ̀dà mọ́tò díẹ̀, má bínú, n óò ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ Mukhtar àbúrò mi ni. O mọ̀ pé iṣẹ́ panẹ́bítà ni àwa méjèèjì ń ṣe, èmi ni mo sì kọ́ Mukhtar bí wọ́n ti ń di òòlù mú lábẹ́ igi máńgòrò wa ní Ìbẹ̀fun níbí. Nígbà náà, ó máa ń lu ìka ara rẹ̀ ju páànù ọkọ̀ lọ. Òun náà ló kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn wá fẹ̀ títí dé ojú títì. Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sínú ọ́fíìsì tó tutù bí omi àmù. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kan tó ń wo mọ́tò, tí á sì sọ irú ọ̀dà tó fẹ́. Ojú tèmi yìí ńkọ́? Wọ́n ní àwọn oníbàárà fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, mo wòkè títí, mi ò rí èyí tó jẹ́ ti Mukhtar níbẹ̀. Wọ́n tún ní béèyàn bá tẹ fóònù, fóònù á mú un dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo tẹ tèmi títí bátìrì rẹ̀ fi kú, kò mú ẹnì kankan wá. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́, ìyá rẹ sì ń po àgbo fún mi. Ìlara ni, Rahmah, kì í ṣe ibà.

Èyí tó dùn mí jù ni yàrá kan tí wọ́n kọ́, tí wọ́n ń yan mọ́tò nínú rẹ̀ kí ọ̀dà lè gbẹ. Mo ní kí ló wà nínú ìyẹn, ṣebí ahéré tí ìyá rẹ ti ń yan gàrí náà gbóná. Mo bá gbé bọ́ńpà Àlàájì Abdulhakeem tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn síbẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Kí n tó kírun àsárì tán, bọ́ńpà ti ká jọ bí awọ tó bọ́ síná, òórùn ọ̀dà sì ti wọ gàrí. Àlàájì ò bú mi, ó kàn ní kí n júwe ṣọ́ọ̀bù Mukhtar fún òun.

Ni mo bá lọ sí Òde lọ́jọ́ Jímọ̀. Mọ́sálásí ò sí lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Mukhtar, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yà síbẹ̀. Mo rí mọ́tò rẹ. Mo rò pé èyí tó jọ ọ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí tẹ̀sùbáà aláwọ̀ ewé tí ìyá rẹ fi kọ́ dígí rẹ̀. Sàúdátù dojú bolẹ̀, ó ní ìwọ lo ní kí wọ́n má jẹ́ kí n gbọ́. Mo fi ìka kan ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣe, mo tẹ́tí sí i, mo wá àbùkù títí. Iṣẹ́ náà dára. Ká ní kò dára ni, ǹ bá sùn lọ́jọ́ yẹn.

Rahmah, òòlù yìí ló rán ọ níléèwé. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí èmi náà fi kọ́ yàrá tí wọ́n ń yan mọ́tò, kí ìyá rẹ lè gba ahéré rẹ̀. Bá mi bẹ àwọn tó ń pín ìràwọ̀ náà, méjì péré tó mi.

Àràárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi níṣẹ́. Tí mo bá wá rántí pé ìwọ náà ń wakọ̀, mo tún máa ń yára bẹ̀ Ẹ́ pé kó má tíì gbọ́ àdúrà yẹn. Ọkọ̀ kankan kò ní fara kàn ọ́, láṣẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé yẹ̀, kó mọ sí ilẹ̀kùn, kó má kan ọmọ mi, kí o sì wà á wálé fún mi.

Èmi bàbá rẹ,
Síkírù, panẹ́bítà Ìbẹ̀fun.