Má Bá Bàbá Múra De Nọ́ọ̀sì

Àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́sàn-án. Jọ̀ọ́, má bá Bàbá múra. Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ la máa ń wẹ̀ fún wọn, tá a máa ń wọṣọ fún wọn, tá a sì máa ń jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa lórí àga. Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Kò síyọnu." Nọ́ọ̀sì á gbà wọ́n gbọ́, á bá tiẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, bọ́tìnì méjì ni wọ́n dè tí wọ́n fi ń mí gúlegúle. Wọ́n ní bọ́tìnì ló le. Bàbá, káfíńtà tó máa ń dá ilẹ̀kùn gbé tẹ́lẹ̀!

Tí nọ́ọ̀sì bá kanlẹ̀kùn, má dìde. Jẹ́ kí Bàbá lọ ṣí i fúnra wọn, kó rí wọn bí wọ́n ṣe wà. Gbé àga sítòsí. Sọ fún un pé ìjókòó ni wọ́n fi ń sùn. A mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró yẹn ò lè san mọ́, ṣùgbọ́n oògùn tó lè jẹ́ kí mímí rọ̀ wọ́n lọ́rùn wà.

Bàbá á bínú. Sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Tí mo bá dé, kí wọ́n bú mi tẹ́rùn. Ó ti pẹ́ tí èémí wọn ò ti tó láti fi pariwo mọ́ mi.